Gbígbọ́ Kan Ju Èkejì Lọ: Ẹnà Nìkan Kò Lè Pa Àṣírí Mọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dún bí ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ létí yín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ èdè ni. Ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn tó ń ṣètò ìbánisọ̀rọ̀ orí afẹ́fẹ́ fún wa, mo sì fẹ́ fi hàn pé ìgbàgbọ́ náà kò pé.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀-ìṣe "gbọ́" yẹ̀ wò. Bí mo bá ní "Mo gbọ́ ariwo", etí ni mo ń wí. Bí mo bá ní "Ó gbọ́ Faransé dáadáa", òye ni mo ń wí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: ọ̀kan dúró sí ẹnu ọ̀nà etí, èkejì wọ inú lọ. Orí ìyàtọ̀ yìí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ àṣírí dúró lé. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọ̀tá gbọ́ ọ̀rọ̀ òun ní ọ̀nà méjì: ó lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé etí ọ̀tá ṣùgbọ́n kí ó má yé e, ó sì lè ṣe é kí ọ̀rọ̀ náà má tilẹ̀ dé etí rẹ̀ dáadáa. Àwọn baba wa mọ méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ ni ẹnà. Ti èkejì ni kí á sún mọ́ ẹni, kí á fi ẹnu sí i létí, kí á sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni pé wọ́n ti gbé gbogbo ẹrù àṣírí wa lé ẹnà lórí, wọ́n sì pa ọ̀nà kejì tì. Bí o bá bi wọ́n pé ta ni ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ wa lójú afẹ́fẹ́, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu wọn: "A ti fi ẹnà dì í." Ó parí. Mo ní kò parí.

Afẹ́fẹ́ kò ní ìlẹ̀kùn

Ọ̀rọ̀ tó ń gba inú wáyà ní ọ̀nà kan tí ó ń tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yọ́ gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ wá wáyà náà kàn, kí ó sì so nǹkan mọ́ ọn. Ìgbì rédíò kò rí bẹ́ẹ̀. Bí fóònù rẹ bá ti ń bá òpó sọ̀rọ̀, ìgbì rẹ̀ ń tàn yí ilé ká. Ó ń kan aládùúgbò, ó ń kan ẹni tó jókòó sínú mọ́tò lẹ́bàá títì. Ẹni tó bá gbà á níbẹ̀ kò fọwọ́ kan ohunkóhun, kò fi ipasẹ̀ sílẹ̀, o kò sì ní mọ̀ láé pé ó wà níbẹ̀. Ẹni náà ni n ó máa pè ní "ayọ́gbọ́rọ̀" nínú àròkọ yìí. Àwọn àgbà ní ògiri létí. Ní ti rédíò, a kò tilẹ̀ ní ògiri.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 1903, John Ambrose Fleming dúró nínú gbọ̀ngàn Royal Institution ní Lọ́ńdọ̀nù láti fi iṣẹ́ Guglielmo Marconi han àwọn èèyàn. Marconi ti fọ́nnu pé òun lè tún ẹ̀rọ òun tò débi pé ẹlòmíràn kò ní lè dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí iṣẹ́ tí wọ́n ń retí tó dé, ẹ̀rọ inú gbọ̀ngàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ jáde. Nevil Maskelyne, onídán kan, ló ń fi ẹ̀rọ tirẹ̀ rán an wọlé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà fi rédíò pàṣẹ fún ara wọn láì di àwọn kan nínú ọ̀rọ̀ náà ní ẹnà. Àwọn Jámánì gbọ́ ọ, ó sì wà lára ohun tí wọ́n fi ṣẹ́gun wọn ní Tannenberg.

Ẹ̀kọ́ tí aráyé kọ́ nínú gbogbo èyí ni pé kí á máa fi ẹnà di ọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ tó dára ni. Ìdajì ẹ̀kọ́ ni.

Ibi tí ẹnà gbọ́n dé

Èmi kò kórìíra ẹnà. Onímọ̀ èdè wo ni yóò kórìíra rẹ̀? Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ iṣẹ́ lórí ẹnà Yorùbá ní ọdún 1982, àwọn ọmọdé wa sì ti ń fi í ṣeré tipẹ́. Bí a bá fi sílébù tó ní "g" tẹ̀ lé sílébù kọ̀ọ̀kan, "wá" á di "wágá", "ilé" á di "igilégé". Ẹni tí kò mọ òfin rẹ̀ á máa wò ràkọ̀ràkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àléébù ibẹ̀: gbogbo ìró náà pátá ló wọ etí ẹni tí a ń sá fún. Kò sí ohun tó kù sẹ́yìn fún un bí kò ṣe sùúrù.

Ní ọdún 1942, ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Marine kọ́kọ́ kó ọmọ Navajo 29 jọ láti fi èdè abínibí wọn ṣe ẹnà nínú ogun pẹ̀lú Japan. Ó ṣiṣẹ́ gan-an, nítorí pé ọ̀tá kò gbọ́ èdè náà, wọ́n sì tún fi ẹnà lé orí èdè ọ̀hún. Ṣùgbọ́n àṣírí tó dúró lórí àìmọ̀ ọ̀tá kò lè pẹ́ ju àìmọ̀ náà lọ. Àwọn èèyàn wa kan ní òkè òkun ṣì gbà pé bí àwọn bá ti sọ Yorùbá lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ti wà nínú àpótí. Láti oṣù kejìlá ọdún 2013 ni Google Translate ti ń túmọ̀ Yorùbá. Èdè wa níyì, kì í ṣe àgádágodo.

"Ẹnà ọmọdé kọ́ ni tiwa," ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ yóò wí. Ó dára, ẹ jẹ́ kí á wo ti àgbà. Nígbà tí GSM wọ Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ẹnà tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù lọ lágbàáyé ni A5/1, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ bíìtì 64. Ní ọdún 2000, Alex Biryukov, Adi Shamir àti David Wagner ti fi hàn bí èèyàn ṣe lè fi kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tú u. Nígbà tó di ìparí ọdún 2009, Karsten Nohl dúró níwájú èrò ní ìlú Berlin, ó sì ṣàlàyé bí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sọ iṣẹ́ náà di ohun tí owó kékeré lè ṣe. A5/1 tilẹ̀ ní àbúrò kan, A5/2, tí wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe ní aláìlágbára fún títà sí àwọn orílẹ̀-èdè kan.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti GEA-1, ẹnà tí wọ́n fi ń ṣọ́ íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù láyé GPRS. Kọ́kọ́rọ́ bíìtì 64 ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Yúróòpù fi ìṣirò hàn pé agbára bíìtì 40 péré ni ó ní, àti pé irú àléébù bẹ́ẹ̀ kò lè ṣèèṣì wáyé. Ẹnìkan ló jókòó tó gé e kù. Ẹ̀yin èèyàn mi, ǹjẹ́ a lè rí i kedere báyìí? Ẹni tó ṣe àgádágodo lè fi kọ́kọ́rọ́ kejì pamọ́ sínú àpò ara rẹ̀, kí onílé sì máa sùn fọnfọn.

Bí ẹnà kò bá tilẹ̀ ní ọwọ́ èké nínú, ọjọ́ ogbó ń bẹ fún un. Peter Shor fi hàn ní ọdún 1994 pé bí kọ̀ǹpútà kúáńtọ́mù tó lágbára bá dé, àwọn ẹnà kan tí gbogbo ayé gbójú lé yóò tú. Nítorí èyí ni iléeṣẹ́ NIST ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe gbé ìlànà tuntun mẹ́ta jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ayọ́gbọ́rọ̀ ti gbà sílẹ̀ lánàá ńkọ́? Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lódindi. Ó ń dúró de ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yóò dé. Àbùkù ẹnà nìyí, kò sì sí bí a ṣe lè fọ̀ ọ́ kúrò: ó ń fi ọ̀rọ̀ náà lé ọ̀tá lọ́wọ́, ó wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣí i.

Ohun tí Wyner rí

Ní ọdún 1949, Claude Shannon fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí a bá fẹ́ àṣírí tí kò lè tú láé, kọ́kọ́rọ́ wa kò gbọdọ̀ kúrú ju ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ tì pa lọ. Ta ló lè máa gbé irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ kiri? Ọ̀pọ̀ ló ti ibẹ̀ pa ìrètí tì. Ṣùgbọ́n Shannon ti gbà ṣáájú pé gbogbo ohun tó dé etí olùgbà ló dé etí ọ̀tá. Ní ọdún 1975, Aaron Wyner béèrè ìbéèrè tó yẹ kí onímọ̀ èdè ti béèrè: bí ọ̀tá kò bá gbọ́ dáadáa tó olùgbà ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n fi ohùn Yorùbá ṣàlàyé ìdáhùn rẹ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́jọ yìí: igba, igbá, igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, àti ìgbà, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, àti ọ̀kọ̀ tí ọmọ ogun ń jù. Ìlà méjì ni, ohùn mẹ́rin kan náà ló sì wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan: àárín-àárín, àárín-òkè, àárín-ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀-ìsàlẹ̀. Ká ní ọ̀rẹ́ rẹ dúró nítòsí, tí ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ kedere. Ká ní ayọ́gbọ́rọ̀ wà lókèèrè nínú ariwo ọjà, tí ó ń gbọ́ kọ́nsónáǹtì àti fáwẹ́lì ṣùgbọ́n tí ariwo gbé ohùn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ ti gbà pé ohùn ni iṣẹ́ tí ẹ ń jẹ́ fún ara yín: ohùn mẹ́rin, iṣẹ́ mẹ́rin. Ìlà tí o máa mú, "igba" ni tàbí "ọkọ", owó ẹyọ ni kí o jù láti fi yàn án, kí ó má baà ní ohun kankan ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ náà.

Kí ni ayọ́gbọ́rọ̀ gbọ́? Ó gbọ́ pé "igba" ni, kì í ṣe "ọkọ". Òótọ́ ló gbọ́, kò sì rí nǹkan kan mú. Kì í ṣe pé òye rẹ̀ kéré. Bí wọ́n bá gbé gbogbo kọ̀ǹpútà ayé fún un, ohun tí kò dé etí rẹ̀ kò dé etí rẹ̀. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà tí ẹnikẹ́ni lè jí, tàbí tí ẹnikẹ́ni lè gé kù.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ọ̀rọ̀ mẹ́jọ jẹ́ bíìtì 3. Ìlà méjì tí ayọ́gbọ́rọ̀ lè dá mọ̀ jẹ́ bíìtì 1. Ìyàtọ̀ rẹ̀, bíìtì 2, ni àṣírí. Ohun tí S. K. Leung-Yan-Cheong àti Martin Hellman sì fi hàn fún ìgbì inú ariwo ní ọdún 1978 nìyẹn: ìwọ̀n àṣírí ni ìwọ̀n tí olùgbà lè gbà, yọ ìwọ̀n tí ayọ́gbọ́rọ̀ lè gbà kúrò. Bí agbára ìgbì bá jẹ́ ìlọ́po 7 ariwo lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ, bíìtì 3 ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Bí ìgbì àti ariwo bá dọ́gba lọ́dọ̀ ayọ́gbọ́rọ̀, bíìtì 1 ni. Àṣírí rẹ jẹ́ 2. Ní ọdún 1978 yìí kan náà ni Imre Csiszár àti János Körner mú òfin Wyner gbòòrò kọjá ibi tó bá a dé.

Ariwo tó ń ṣe oore

Ẹni tó bá gbọ́ èyí á béèrè pé: bí ayọ́gbọ́rọ̀ bá sún mọ́ tòsí ńkọ́? Satashu Goel àti Rohit Negi dáhùn ní ọdún 2008. Bí òpó bá ní áńténà púpọ̀, ó lè fi ariwo kún ìgbì rẹ̀ lọ́nà tí ariwo náà yóò fi pa ara rẹ̀ rẹ́ níbi tí olùgbà dúró sí, tí yóò sì máa han gooro ní ibòmíràn. Ẹ ronú nípa onílù tó lù ú débi pé gbogbo ọjà dití, àfi ẹnì kan ṣoṣo tó ń gbọ́ ọ bí ẹni wà nínú yàrá.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ìgbì tó ti ọ̀dọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ rẹ ń ta lára ògiri, lára páànù, lára èèyàn. Èyí tó ti ọ̀dọ̀ rẹ padà ń tọ ipa kan náà. Bí àwa méjèèjì bá yára wọn bí ìgbì ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀, ohun kan náà ni a ó rí, a sì lè sọ ọ́ di kọ́kọ́rọ́ láì fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí ara wa. Ueli Maurer àti àwọn mìíràn ti fi ìpìlẹ̀ ìmọ̀ àdéhùn kọ́kọ́rọ́ báyìí lélẹ̀ ní ọdún 1993. Lórí ìgbì 2.4 GHz tí Wi-Fi ń lò, gígùn ìgbì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12.5; níbi tí ohun tí ìgbì ń ta lára bá pọ̀, ẹni tó bá jìnnà sí ọ ju nǹkan bí ìdajì èyí lọ, sẹ̀ǹtímítà 6 péré, ohun mìíràn ni yóò wọ̀n. Fún ẹ̀rọ kéékèèké tí bátìrì wọn kò lè gbé ẹnà ńlá, oúnjẹ ọlọ́run ni èyí.

Àwọn àtakò

Olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan bi mí pé kí ni onímọ̀ èdè mọ̀ nípa ìgbì. Mo dá a lóhùn pé ìgbì ni ohùn èèyàn, àti pé láti ọjọ́ tí a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ fònẹ́tíìkì ni a ti ń wọn ohun tí ariwo ń gbé lọ nínú ọ̀rọ̀ àti ohun tó ń fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi ìyẹn sílẹ̀, kí á wo àtakò tó ní láárí.

Àkọ́kọ́, wọ́n ní a kì í mọ ibi tí ayọ́gbọ́rọ̀ wà, nítorí náà a kò lè mọ bó ṣe ń gbọ́ tó. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹni tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ kò ṣe é wọ̀n, ó sì lè gbé áńténà tó dára ju ti olùgbà lọ dání. Ṣùgbọ́n ẹnà náà kò mọ agbára kọ̀ǹpútà ọ̀tá. Ó ń méfò rẹ̀ ni. Ìméfò wa nípa ibi tí èèyàn lè dúró sí ṣe é fojú rí, ó sì ṣe é ṣọ́: a lè ṣọ́ àyíká òpó, a lè ṣọ́ inú ilé ìwòsàn. Ta ló lè ṣọ́ ohun tí wọ́n máa dá lọ́dún 2050?

Èkejì, àwọn kan sáré gbà wá ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ní ìgbì tuntun tó ga jù tín-ín-rín bí okùn abẹ́rẹ́, pé ààbò ti dé lọ́fẹ̀ẹ́. Rárá o. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ kan láti yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi hàn nínú ìwé ìròyìn Nature pé bí a bá gbé ohun kékeré kan sí ojú ọ̀nà ìgbì tín-ín-rín bẹ́ẹ̀, yóò ta díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ayọ́gbọ́rọ̀, olùgbà lè má sì fura. Ààbò tí a kò fi ìṣirò gbé kalẹ̀, àsọdùn ni, ìbáà jẹ́ ti ẹnà tàbí ti ìgbì.

Ẹ̀kẹta ni pé àwọn kan rò pé mo ní kí á ju ẹnà nù. Èmi kọ́! Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹni tó sì ní ògiri ṣì lè ti ilẹ̀kùn. Ohun tí mo kọ̀ ni kí wọ́n máa fún wa ní ilẹ̀kùn nìkan nínú ilé tí kò ní ògiri.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn?

Olówó tó ní fóònù ńlá lè fi ẹnà mìíràn lé ẹnà òpó lórí. WhatsApp ń ṣe é fún un láti ọdún 2016 láì béèrè. Ìyá alátà tó ń lo fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, tó ń tẹ kóòdù báńkì láti fi owó ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, kò ní irú aṣọ àwọ̀lékè bẹ́ẹ̀. Ohun tí òpó bá fi bo ọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárín fóònù àti òpó náà ni aṣọ rẹ̀ kan ṣoṣo, kò sì yàn án fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gé aṣọ náà kù níbi tí wọ́n ti rán an, ìhòòhò ló wà, kò sì sí ẹni tó sọ fún un.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹrù àṣírí kúrò lórí ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù, kí ó bọ́ sí orí ẹni tó ni òpó. Òpó ló ní áńténà púpọ̀. Òpó ló lè dárí ìgbì, tó lè fi ariwo bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2023, àjọ ITU fi ètò ìpìlẹ̀ lélẹ̀ fún ìran kẹfà ìbánisọ̀rọ̀ orí fóònù, tí wọ́n ń pè ní IMT-2030. Ilé náà ṣì wà ní ìpìlẹ̀. Ìgbà yìí ló yẹ kí á béèrè ògiri. Bí a bá dákẹ́ títí wọn yóò fi kan òrùlé, "A ti fi ẹnà dì í" ni wọn yóò tún dá wa lóhùn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Gbogbo ohun tí mo sọ lókè yìí, Yorùbá gbà á láì ráhùn, "gbọ́" nìkan sì ti tó láti fi la ọ̀rọ̀ àṣírí sí méjì. Ẹ lọ bi àwọn ẹ̀gbọ́n yín tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ: èwo nínú gbígbọ́ méjèèjì ni ẹ ti dí mọ́ ọ̀tá? Bí wọ́n bá ní ọ̀kan ṣoṣo ni, ẹ ní kí wọ́n padà síbi iṣẹ́.